Kíka àwọn kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ ní wọ́ọ̀dù: kí ni àwọn ilé-ìwòsàn Ìlọrin àti Gúúsù Kwara lè bẹ̀rẹ̀ báyìí?

Aláyẹ̀wò_Táńkè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera àti ẹ̀yin aráàlú tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Yàrá àyẹ̀wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní apá ibi tí a ti ń gbin kòkòrò láti inú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti ọyún. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni àkóràn tí aláìsàn kò gbé wá láti ilé, tó jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ilé-ìwòsàn ló ti kó o. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò ni pé bí àkóràn bá fara hàn ní wákàtí 48 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n gba aláìsàn sí wọ́ọ̀dù, tí kò sì sí àmì rẹ̀ lára rẹ̀ nígbà tó dé, ti ilé-ìwòsàn ni a ó kà á sí.

Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde ní ọdún 2022 sọ pé nínú 100 aláìsàn tí wọ́n dá dúró fún ìtọ́jú àìsàn tó le, 7 ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, àti 15 ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀, ni yóò kó ó kéré tán àkóràn kan níbẹ̀. Ìwádìí ńlá mìíràn, tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet tẹ̀ jáde ní ọdún 2022 kan náà, fi hàn pé àwọn bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́ pa ènìyàn tó tó mílíọ̀nù kan àti 270,000 ní ọdún 2019, àti pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó burú sí jù lọ ní gbogbo ayé, ikú 27.3 nínú 100,000 ènìyàn. Ìṣirò ni wọ́n fi fa ọ̀pọ̀ nọ́ńbà agbègbè wa yọ, nítorí pé àwọn ilé-ìwòsàn tó ní àkọsílẹ̀ tí wọ́n lè kà kò pọ̀. Èyí ni ó ń dùn mí. Àwọn ènìyàn wa ń kú, nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ mọ iye wọn, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń fojú bù ú.

Èrò mi ni pé kí ilé-ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni, ní àtẹ tirẹ̀ tí yóò máa fi hàn lọ́dọọdún irú kòkòrò tó wà ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ àti oògùn tó ṣì ń ràn án. Mo fẹ́ gbọ́ èrò yín: aláìsàn wo ni kí a ṣe àyẹ̀wò fún, báwo ni kí a ṣe kà á, ta ni ó sì yẹ kó rí àtẹ náà?

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀fà:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n wa. Wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni mo wà, mo sì fẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọgbẹ́ ṣe ń bọ́ mọ́ ẹni tó fẹ́ kà á lọ́wọ́. Wákàtí 48 nìkan kò tó fún àkóràn ojú iṣẹ́ abẹ, nítorí ọgbọ̀n ọjọ́ ni a fi ń ṣọ́ ọ, bí wọ́n bá sì fi irin tàbí nǹkan mìíràn sínú ara, ó lè tó 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé ni ọ̀pọ̀ aláìsàn wa ti ń lọ sílé, nítorí owó bẹ́ẹ̀dì àti nítorí ọjà tí wọ́n tì pa. Bí ọgbẹ́ náà bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún ní Èrìn-Ilé tàbí ní Ìjàgbó, ilé ìtọ́jú tó wà nítòsí ni wọ́n ń lọ fún wíwẹ̀ ẹ́, tàbí kí wọ́n ra kápúsù lọ́wọ́ oníkẹ́mísì. Ilé-ìwòsàn tó ṣe iṣẹ́ abẹ kò ní gbọ́ rárá. Nínú ìwé tiwọn, ọgbẹ́ náà ti jinná.

Ìbéèrè kan tún wà. Aláìsàn tó ti lo ọjọ́ mẹ́rin ní ilé-ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo kí wọ́n tó gbé e wá sọ́dọ̀ wa, tí ibà sì gbé e dìde lọ́jọ́ kejì tó dé, ta ni a ó ka àkóràn náà mọ́ lọ́rùn?

Dókítà_Wọ́ọ̀dù:

Ìdáhùn ìbéèrè yín wà nínú ìlànà GLASS, ètò tí WHO dá sílẹ̀ ní ọdún 2015 láti máa kó irú àkọsílẹ̀ yìí jọ káàkiri ayé. Bí aláìsàn bá ti lo ọjọ́ méjì ó kéré tán ní ilé-ìwòsàn kan kí wọ́n tó gbé e lọ sí òmíràn, àkóràn orísun ilé-ìwòsàn ni kí a kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òwúrọ̀ ọjọ́ tó dé ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀bi kọ́ ni à ń pín. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni irú kòkòrò tó ń rìn láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù ní ojú ọ̀nà Ọ̀fà sí Ìlọrin, nítorí inú ọkọ̀ kan náà ni aláìsàn àti kòkòrò rẹ̀ jọ ń wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí àwa dókítà kì í fi í fi nǹkan ránṣẹ́ sí láàbù tó bó ṣe yẹ. Ẹni tí májèlé àkóràn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè dúró de èsì, èsì náà sì ń gbà tó ọjọ́ mẹ́ta kí kòkòrò tó hù, kí a tó mọ orúkọ rẹ̀, kí a tó mọ oògùn tó ràn án. A ó ti gún un ní ceftriaxone, oògùn apakòkòrò, kí ọjọ́ náà tó ṣú. Bí ó bá gbádùn, a gbàgbé láàbù. Bí kò bá gbádùn ni a tó rántí.

Àṣà yìí ń ba kíkà jẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ká sọ pé 100 ènìyàn ní àkóràn ojú iṣẹ́ abẹ, tí a fún gbogbo wọn ní ceftriaxone láìṣe àyẹ̀wò, tí 80 sì gbádùn. A wá fi ọyún 20 tó kù ránṣẹ́, láàbù sì rí i pé ceftriaxone kò ran kòkòrò tó wà lára 16 nínú wọn. Àtẹ yóò sọ pé nínú gbogbo kòkòrò tí a yẹ̀ wò, oògùn kò ran ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó jẹ́ pé 16 nínú 100 ló súnmọ́ òtítọ́ nínú gbogbo àwọn tó ṣàìsàn. Dókítà tó bá gba àtẹ náà gbọ́ yóò pa ceftriaxone tì, yóò máa fi meropenem, oògùn tó tún lágbára jù ú lọ, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú gbogbo ènìyàn, láàárín ọdún díẹ̀ meropenem náà yóò sì di aláìlágbára. Nítorí náà, kí a tó ka ohunkóhun, ó yẹ kí a fẹnu kò sí irú aláìsàn tí a gbọ́dọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé, yálà dókítà rò pé oògùn yóò ṣiṣẹ́ tàbí kò rò bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Ìpàta:

Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Mi ò mọ gbogbo orúkọ kòkòrò tí ẹ̀ ń pè, ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti aláìsàn rí. Wọ́n ní kí a lọ sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó gún ọmọ wa lábẹ́rẹ́, gbogbo ẹbí sì ń bínú pé owó ni wọ́n ń wá. Mo fẹ́ kí ẹ dá mi lóhùn méjì. Àǹfààní wo ló wà níbẹ̀ fún aláìsàn fúnra rẹ̀? Bí ó bá sì jẹ́ pé gbogbo ìlú ni yóò jàǹfààní kíkà tí ẹ̀ ń sọ yìí, kí ló dé tó fi jẹ́ pé àpò ẹni tó dùbúlẹ̀ ni owó rẹ̀ ti ń jáde?

Apòògùn_Sáńgo:

Ẹ kú àdúrótì, mà. Aláìsàn ni yóò kọ́kọ́ jèrè. Bí oògùn bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó lè dá kòkòrò náà lápá débi pé kò ní hù ní láàbù, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tíì kú tán nínú ara. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà ṣáájú ni yóò sọ fún dókítà, ní ọjọ́ kẹta, bóyá kó máa bá oògùn tó bẹ̀rẹ̀ lọ, tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ sí èyí tí owó rẹ̀ kéré tí kò sì ba kíndìnrín jẹ́.

Lórí ìbéèrè kejì, mo fara mọ́ yín pátápátá. Àyẹ̀wò tí ilé-ìwòsàn bá yàn fún ìtọpinpin gbọ́dọ̀ ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, yálà láti ọ̀dọ̀ ìjọba tàbí láti inú ètò ìlera adójútòfò. Bí a bá gbé e lé aláìsàn lórí, olówó nìkan ni a ó máa yẹ̀ wò, àtẹ wa yóò sì tún dojú rú lọ́nà mìíràn.

Aláyẹ̀wò_Táńkè:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Nọ́ọ̀sì, mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ ọgbẹ́. Òwú tí wọ́n kàn fi nu ojú ọgbẹ́, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí wa, ń gbé kòkòrò tó ń gbé orí awọ lásán wá, a ó sì máa pe ẹni tí kò jẹ̀bi ní ọ̀daràn. Ẹ kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ ṣan ojú ọgbẹ́ náà, kí ẹ sì fi síríńjì fa ọyún láti ìsàlẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀jẹ̀ jù lọ fún ìbẹ̀rẹ̀ nìyí: ibi tí kò yẹ kí kòkòrò kankan wà ni. Síbẹ̀, bí awọ kò bá mọ́ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, ìyẹn náà yóò parọ́ fún wa.

Láàbù fúnra rẹ̀ ní iṣẹ́ láti ṣe. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa ń lò ni kí a tẹ́ kòkòrò sórí oúnjẹ tí a ń pè ní Mueller-Hinton, kí a to àwọn díìsìkì pélébé tí oògùn wà lára wọn sórí rẹ̀, kí a fi í sínú ẹ̀rọ tó ń lọ́ wọ́rọ́ fún wákàtí 16 sí 18, kí a wá fi rúlà wọn ibi tí kòkòrò kò lè hù sí yí díìsìkì ká. Ọ̀nà tó rọrùn ni, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìfojúbù rárá. Oúnjẹ náà gbọ́dọ̀ nípọn tó mìlímítà 4. Omi kòkòrò tí a ó tẹ́ sí i gbọ́dọ̀ rú tó òṣùwọ̀n 0.5 McFarland, nítorí bó bá ti pọ̀ jù, oògùn tó dára yóò dà bí aláìlágbára. Díìsìkì gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìlọrin mọ bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀: díìsìkì tó ti lo òpin ọ̀sẹ̀ nínú ooru yóò ti pàdánù agbára rẹ̀, a ó sì kọ ọ́ pé oògùn kò ran kòkòrò, nígbà tó jẹ́ pé díìsìkì ló ti bàjẹ́. Ohun tó ń gbà wá lọ́wọ́ èyí ni kòkòrò aṣàyẹ̀wò, bí E. coli ATCC 25922, tí gbogbo ayé ti mọ bó ṣe yẹ kó fèsì sí oògùn kọ̀ọ̀kan. Láàbù tí kò bá yẹ tirẹ̀ wò pẹ̀lú rẹ̀ déédéé kò yẹ kó fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú àtẹ ìlú.

Fún Staphylococcus aureus, díìsìkì cefoxitin ló tó láti fi dá èyí tí oògùn methicillin kò ràn, tí a ń pè ní MRSA, mọ̀. Fún Klebsiella àti àwọn ẹbí rẹ̀, ẹ má ṣe fi meropenem sílẹ̀: bí àyíká tí kòkòrò kò hù sí bá jẹ́ mìlímítà 19 tàbí tó kéré sí i, oògùn náà kò ràn án nìyẹn, kí ẹ pe wọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀. Colistin kò ṣeé fi díìsìkì ṣàyẹ̀wò. Láàbù tó bá ń fi díìsìkì kọ èsì colistin, kó dáwọ́ dúró.

Akọ̀wé_Fáìlì (Òmù-Àrán):

Ẹ̀ka àkọsílẹ̀ ni èmi wà, mo sì ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè. Kíkà tí mo bá láti ilẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ rẹ́jísítà ni kí wọ́n máa ka gbogbo èsì tó bá jáde. Ọmọ tuntun kan lè wà ní wọ́ọ̀dù fún oṣù kan, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, kí Klebsiella kan náà jáde lẹ́ẹ̀mẹfà. Kòkòrò kan ni, ara ọmọ kan ni, ṣùgbọ́n àtẹ yóò kà á sí mẹ́fà. Ìlànà CLSI, àjọ ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe òfin fún láàbù, sọ pé èyí àkọ́kọ́ tó jáde lára aláìsàn kan fún irú kòkòrò kan ni kí a kà láàárín àkókò tí a ń ṣírò. Ó tún sọ pé bí irú kòkòrò kan kò bá tó 30, kí a má ṣe fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mẹ́ta nínú mẹ́rin kì í ṣe 75 nínú 100. Mẹ́ta nínú mẹ́rin ni.

Ilé-ìwòsàn kékeré kò ní tètè rí 30. Ìlànà kan náà gbà wá láàyè láti pa ọdún méjì pọ̀ tàbí láti pa ilé-ìwòsàn tó wà ní agbègbè kan pọ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti rí àǹfààní fún Òmù-Àrán, Ọ̀fà àti àwọn ìlú tó yí wa ká. A kò nílò láti ra ohun tí a ó fi ṣírò rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WHONET wà lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọdún 1989 ni wọ́n ti ṣe é fún iṣẹ́ yìí gan-an, orí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára púpọ̀ ló sì lè ṣiṣẹ́, ó sì lè yọ àwọn àtúnkà wọ̀nyí kúrò fúnra rẹ̀ bí nọ́ńbà fáìlì aláìsàn bá pé.

Níbẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Aláìsàn tó bá gba káàdì tuntun nígbàkígbà tó bá dé yóò di ènìyàn mẹ́ta nínú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù kì í sì í sí lórí fọ́ọ̀mù láàbù, láìsí ọjọ́ yẹn kò sí bí a ó ṣe ṣírò wákàtí 48 tí ẹ̀gbọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin dókítà, ẹ kọ ọ́.

Dókítà_Wọ́ọ̀dù:

Mo gbà. Àmọ́ ohun kan ń bà mí lẹ́rù, mi ò sì fẹ́ kí a fò ó dá. Ilé-ìwòsàn tó bá wá kòkòrò ni yóò rí i. Ilé-ìwòsàn tí kò bá wá a yóò ní òfo nínú àtẹ rẹ̀, àwọn ènìyàn yóò sì máa sá lọ síbẹ̀ nítorí wọ́n rò pé ó mọ́. Bí a bá gbé orúkọ ilé-ìwòsàn kọ̀ọ̀kan sí gbangba láti ọdún àkọ́kọ́, àwọn ọ̀gá yóò pa àyẹ̀wò rẹ́.

Apòògùn_Sáńgo:

Ìbẹ̀rù yín tọ̀nà, Dókítà, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí a fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń kọ oògùn nínú ilé-ìwòsàn náà gbọ́dọ̀ rí àtẹ wọn ní kíkún, wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù, nítorí ohun tó wà ní wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun kò jọ ohun tó wà ní wọ́ọ̀dù egungun. Èyí tí a ó fi han ìlú lè jẹ́ àpapọ̀ agbègbè, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí dídènà àrùn, ló ń darí iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà lábẹ́ ètò orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ní ọdún 2017, ọ̀dọ̀ wọn ni ó sì yẹ kí èyí tó kún rẹ́rẹ́ lọ.

Ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ àtẹ yìí nìyí. WHO pín àwọn oògùn yìí sí ọ̀wọ́ mẹ́ta láti ọdún 2017: èyí tí a lè máa kọ́kọ́ lò, bí amoxicillin, èyí tí a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́, bí ceftriaxone àti meropenem, àti èyí tí a fi pamọ́ fún ìgbà tí ohun gbogbo bá kùnà, bí colistin. Láìsí àtẹ tiwa, ìbẹ̀rù ni a fi ń gun àkàbà yìí. Bí àtẹ bá fi hàn pé gentamicin ṣì ń ran èyí tó pọ̀ nínú E. coli inú ìtọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa, mo lè dúró níwájú dókítà àgbà, kí n sì bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rí lọ́wọ́ pé kó má tíì fọwọ́ kan meropenem.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe rí MRSA. Ọdún 1959 ni methicillin jáde. Ní ọdún 1961 ni oníṣẹ́ láàbù kan ní Gẹ̀ẹ́sì, Patricia Jevons, kéde pé nínú Staphylococcus tó ju 5,000 lọ tí òun yẹ̀ wò láti àwọn ilé-ìwòsàn, mẹ́ta ni oògùn tuntun náà kò ràn. Mẹ́ta péré. Ẹni tí kò bá ka 5,000 kò lè rí mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀fà:

Ẹ ṣeun. Mo fẹ́ kí ẹ fi ohun kan kún àtẹ ọdọọdún yìí, nítorí ọdún kan ti pẹ́ jù fún wọ́ọ̀dù. Bí Klebsiella tí meropenem kò ràn bá jáde lára ọmọ tuntun méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mi ò lè dúró de December kí n tó mọ̀. Kí láàbù fi fóònù pe wá. Lójú ẹsẹ̀, a lè ya bẹ́ẹ̀dì wọn sọ́tọ̀, kí nọ́ọ̀sì kan dojú kọ wọn, kí a wo síǹkì, ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ lẹ́nu ọmọ, àti ìgò omi tí a ń pín abẹ́rẹ́ láti inú rẹ̀ fún ọmọ púpọ̀. Kí a sì wo ọwọ́ wa. Láti ọdún 1847 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Semmelweis ti fi hàn ní Vienna pé ikú àwọn ìyá ọlọ́mọ dínkù gidigidi nígbà tí àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́, síbẹ̀ ẹ̀rọ omi wọ́ọ̀dù tó gbẹ ṣì ń sọ ọ́ di ohun tí kò ṣeé ṣe fún ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ ka kòkòrò, kó bá wa wá omi pẹ̀lú.

Aláìsàn tó ń lọ sílé ńkọ́? Mo rò pé a lè gba nọ́ńbà fóònù ẹbí, kí a sì pè wọ́n ní ọjọ́ kẹwàá àti ní ọgbọ̀n ọjọ́, kí a bi wọ́n bóyá ọgbẹ́ ń ṣọyún.

Akọ̀wé_Fáìlì (Òmù-Àrán):

Èyí dára. Mo lè fi òpó kan kún rẹ́jísítà fún ìpè náà. Fún ẹ̀jẹ̀, ohun tí mo nílò lórí fọ́ọ̀mù kò pọ̀: nọ́ńbà fáìlì tí kì í yí padà, ọjọ́ orí, wọ́ọ̀dù, ọjọ́ tí wọ́n gbà á, bóyá wọ́n gbé e wá láti ilé-ìwòsàn mìíràn àti ọjọ́ tó ti lò níbẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, àti oògùn tó ti gbà ṣáájú. Kí wọ́n fi gbogbo ìgò ránṣẹ́, kí a sì kọ èyí tí kòkòrò kò hù nínú rẹ̀ pẹ̀lú, torí láìsí ìyẹn a kò ní mọ iye ènìyàn tí a yẹ̀ wò.

Aláyẹ̀wò_Táńkè:

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ nìkan, ní wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun àti ti iṣẹ́ abẹ. Gbogbo ẹni tí ibà bá mú lẹ́yìn ọjọ́ kejì ni kí a fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí oògùn tuntun tó wọlé. Mo ṣetán láti bá àwọn láàbù Ọ̀fà àti Òmù-Àrán pín kòkòrò aṣàyẹ̀wò, kí òṣùwọ̀n wa lè jẹ́ ọ̀kan. Màmá wa Ìyá_Ìpàta, ìbéèrè yín lórí owó ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé lọ bá àwọn tó ń ṣètò ìlera adójútòfò ní ìpínlẹ̀ wa.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀fà:

Bí láàbù ọ̀dọ̀ wa kò bá lè gbin ẹ̀jẹ̀, tí ó di dandan kí a fi ìgò ránṣẹ́ sí Ìlọrin, ṣé kí a gbé e sínú kúlà oníyìnyín bí a ṣe ń ṣe fún ìtọ̀?

Aláyẹ̀wò_Táńkè:

Rárá o. Ìtọ̀ ni kí ẹ fi sínú yìnyín bí kò bá ní tètè dé. Ìgò ẹ̀jẹ̀ kì í fẹ́ òtútù rárá, ó lè pa lára àwọn kòkòrò tí a ń wá. Ẹ fi ọtí apakòkòrò nu ọmọrí ìgò mọ́ kí ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀ sí i. Fún àgbàlagbà, kí ẹ̀jẹ̀ tó mílílítà 8 sí 10 nínú ìgò kan. Ẹ gbé e sínú páálí lásán níbi tí oòrùn kò ti ní pa á, kí ẹ fi í ránṣẹ́ ní ọjọ́ kan náà, kí ẹ sì kọ wákàtí tí ẹ fà á sára rẹ̀.